Ọjọ́ Tí Àlàó Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí: fíìmù yẹn kò dára. Èmi Akínwùmí ni mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ń yí ẹ̀rọ sinimá ní ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ lọ́dún tí ó ṣáájú òmìnira. Gbogbo fíìmù kábóì tí wọ́n ń kó wá láti Èkó, ojú mi ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà kọjá. Ṣé èmi ni ẹnìkan yóò wá máa kọ́ ní èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn? Àwọn òyìnbó tí ó ṣe é ti rí i pé àwọn ti ìṣáájú ń tà, ni wọ́n bá bomi la ọbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí wọn títí di òní.

Akọni inú àwọn fíìmù náà, àwa ará Ìbàdàn kò pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ta ni yóò máa ká ahọ́n kò nítorí irú orúkọ bẹ́ẹ̀? Àlàó ni a sọ ọ́, nítorí pé bí ó bá sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, ìrìn ọmọ olóyè ni ó máa ń rìn. Ẹṣin rẹ̀ funfun báláú, a sọ ìyẹn náà ní Ẹfun. Àlàó kì í mutí. Kì í fọwọ́ kan ohun opó. Bí àwọn ọlọ́ṣà bá jí màlúù ẹnìkan kó, Àlàó yóò wá wọn kàn dé ibi tí wọ́n bá wọ̀ sí, yóò kìlọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, bí wọn kò bá gbọ́, ìbọn yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Fíìmù kan lọ, òmíràn dé, Àlàó ṣì jẹ́ Àlàó. Àwọn ìyá arúgbó tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kankan máa ń gbàdúrà fún un nínú òkùnkùn sinimá, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó ṣubú lórí ẹṣin.

Ọ̀rẹ́ mi Sàláúdéènì, ọmọ Òkè Mápó, ni ó sọ Àlàó di ará ilé wa. Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn kábóì ń sọ kò jọ ti tíṣà rárá, imú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Nítorí náà, Sàláúdéènì máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn sí, ìwo onípáànù ní ẹnu rẹ̀, yóò máa sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ. Bí obìnrin bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ yóò rọ̀. Bí ọ̀tá bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ yóò ki. Ògbufọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sanwó wọlé kí wọ́n lè dijú gbọ́ Sàláúdéènì.

Ìlànà wa ni pé bí fíìmù tuntun bá dé, èmi àti òun yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí, a ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí èrò tó rí i. Kì í dúró níwájú èèyàn pẹ̀lú ohun tí kò tíì rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn fún un.

Ìyàwó rẹ̀ ni Àṣàkẹ́, ọmọ Bàbá Àkíbù tí ń rán gàárì ẹṣin ní Bẹyẹrúnkà. Bàbá Onígàárì ni ìlú mọ̀ wọ́n sí. Bí ẹ bá rí ìjòyè tó gẹṣin lọ́jọ́ Iléyá ní ayé ìgbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé awọ tí ọwọ́ wọn rán ni ó jókòó lé. Àṣàkẹ́ bí ọmọkùnrin kan fún Sàláúdéènì, wọ́n sọ ọ́ ní Sàídì. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò nígbà tí gìrì mú un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí sinimá kún. Àṣàkẹ́ kò lè fi ọmọ sílẹ̀, ó rán Sẹ̀gilọlá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, pé kí ó sáré lọ pe Sàláúdéènì wá. Sẹ̀gilọlá sáré délẹ̀. Ó bá Ezekiel tí ń ṣọ́ géètì wa, ó ní kí ó wọlé lọ sọ fún ògbufọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń kú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ayé ìgbà náà, ó yẹ kí n là á yé yín. Kò sí ọjọ́ tí sinimá kún tí àwọn obìnrin kì í wá sí géètì wá pe ọkọ wọn. Kí ọkùnrin má bàa rí àwáwí, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: "Ọmọ rẹ̀ ń kú lọ!" Ọkùnrin yóò sá jáde láìwọ bàtà, yóò délé, yóò bá ọmọ tí ó ń fi ẹ̀kọ pa ara. Nígbà tó pẹ́, àwọn ọkùnrin fúnra wọn ni ó bẹ Ezekiel pé kí ó má pe àwọn mọ́. Ezekiel wá ní èsì kan tí ó máa ń fún gbogbo obìnrin: "Mo ti gbọ́, mo ń lọ sọ fún un báyìí." Yóò sì jókòó padà sórí àpótí rẹ̀. Ohun tí ó sọ fún Sẹ̀gilọlá náà nìyẹn, Sẹ̀gilọlá sì gbà á gbọ́. Ó sáré padà, ó ní wọ́n ti sọ fún un, ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àṣàkẹ́ gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ibi tí ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà ni Sàídì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Sàláúdéènì kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rín ni ó ń rín wọ agboolé kí ó tó gbọ́ ẹkún.

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, Àṣàkẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Kò bú ọkọ rẹ̀, kò bá a jà. Gbogbo ohun tí ó sọ ni pé òun kò lè máa bá ẹni tí ó gbọ́ pé ọmọ ń kú, tí kò sì wá, sùn nínú yàrá kan náà. Sẹ̀gilọlá ni ẹlẹ́rìí, Sẹ̀gilọlá kò sì purọ́. Ezekiel jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kí a jọ lọ sí Bẹyẹrúnkà lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí ó di ọ̀la. Nígbà tí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́, ọ̀gbẹ́ni ti wọ ọkọ̀ Kúmásí, n kò sì fojú kàn án mọ́. Èmi nìkan ni mo wá lọ rojọ́ níwájú Bàbá Onígàárì. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n rọra fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Akínwùmí, ọ̀rẹ́ rẹ ni. Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tèmi ni, èmi náà á sọ ohun tó o sọ yìí."

Ẹ rí i nísinsìnyí. Òótọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ti sá. Ohun tí ó kù fún Sàláúdéènì kò ju ẹnu ara rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà rù. Ó ń lọ sí Bẹyẹrúnkà ní gbogbo òwúrọ̀ Jímọ̀, òun àti àwọn àgbà agboolé rẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sáàrin awọ àti okùn. Bàbá Onígàárì kò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tí ó ń dùn mí jù ni pé mo mọ̀ pé Àṣàkẹ́ ń fẹ́ gbà á gbọ́. Bí mo bá pàdé rẹ̀ ní Gbági níbi tí ó ti ń ra òwú fún bàbá rẹ̀, yóò kọ́kọ́ bi mí léèrè ìyàwó mi àtàwọn ọmọ, yóò wá wolẹ̀. "Ṣé wọ́n ń jẹun?" ni ìbéèrè rẹ̀ nípa ọkọ rẹ̀. Èmi náà yóò ní wọn kò jẹun dáadáa.

Bí ọ̀rọ̀ sinimá ṣe wọ̀ ọ́ nìyí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá Onígàárì dédé bi Sàláúdéènì pé irú gàárì wo ni àwọn òyìnbó inú àwòrán náà ń lò. Sàláúdéènì tí kì í rí ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀ mọ́ wá rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ ti Ẹfun, ó sọ ti Àlàó, pé kì í mutí, pé ó ń tọ́jú opó, pé fíìmù rẹ̀ tuntun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá gbọ́ ọ dé òpin.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ rí iṣẹ́ tó gba ọkùnrin lọ́wọ́ ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, tí mo bá kírun Àsárì tán, Àṣàkẹ́ á mú mi wá. Mi ò gbọdọ̀ pàdánù Màǹgàríbà o. Tá a bá ti jáde níbẹ̀, màá fún ọ lésì rẹ."

Sàláúdéènì sáré wá bá mi nínú yàrá ẹ̀rọ, ó dì mọ́ mi, ọ̀rá ẹ̀rọ gba gbogbo agbádá rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ti dá sí i. Ó ní bí Bàbá bá fi ojú ara wọn rí Àlàó, wọn yóò mọ̀ pé ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ilé ọ̀mùtí, ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́ èèyàn níbẹ̀. Inú mi dùn nítorí rẹ̀, n kò purọ́. Ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà kéde fíìmù náà láti Oríta-mẹ́rin dé Ọjà'ba, ó ń fi ìwo rẹ̀ pariwo pé irú rẹ̀ kò tíì sí. Kò tíì rí i. Èmi náà kò tíì rí i.

Ọjọ́ Ẹtì ni ó yẹ kí fíìmù náà dé. Lọ́rì tí ń gbé e bọ̀ bàjẹ́ sọ́nà. Ní Sátidé, oòrùn ti kúrò lágbede méjì ọ̀run kí wọ́n tó já páànù fíìmù náà sílẹ̀, èrò ti kún géètì, kò sí àyè láti ti ilẹ̀kùn mọ́rí wo nǹkan kan. Mo fa Sàláúdéènì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Jẹ́ ká fi èyí tí Àlàó ti gba màlúù opó padà hàn wọ́n. O mọ̀ ọ́n lórí. Bàbá ò rí i rí, tuntun náà ló máa jẹ́ lójú wọn. Èrò á bú wa díẹ̀, wọ́n á gbàgbé."

Ó mi orí. "Akin, mo ti sọ fún Bàbá pé tuntun ni. Ọ̀rọ̀ tó wà láàrin èmi àti wọn ti pọ̀ jù, mi ò ní tún fi irọ́ kún un. Ọlá Ọlọ́run ni. Àlàó ò já wa kulẹ̀ rí."

Ohun tí ó sọ nìyẹn, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀.

Bàbá Onígàárì dé pẹ̀lú agbádá funfun àti fìlà àdìrò, Àṣàkẹ́ ń tẹ̀ lé wọn, ó fi ìborùn bo orí. Sàláúdéènì ti yá àga onítìmùtìmù lọ́wọ́ ọ̀gá wa, ó gbé e síwájú pátápátá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbé ìwo rẹ̀. Láti ojú ihò yàrá ẹ̀rọ, mo rí i pé ó ń nu àtẹ́lẹwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. Mo tan iná ẹ̀rọ.

Ohun tó kọ́kọ́ hàn ni ọkọ̀ ojú irin. Ó ń rìn, ó ń rìn, èéfín bo gbogbo aṣọ. Nígbà tó dúró, ọkùnrin kan tó ní ikùn sọ̀kalẹ̀ nínú kóòtù dúdú, ó gbé báàgì lọ́wọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó mọ̀ pé Àlàó ni. Ó ti dàgbà. Kò de ìbọn mọ́dìí. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí kùn.

"Ẹṣin dà?" ni ẹnìkan fi igbe bọnu.

Sàláúdéènì wo ọ̀dọ̀ àga onítìmùtìmù. Bàbá Onígàárì tí wọ́n wá wo gàárì jókòó, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń retí. "Ẹfun ń bẹ nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn," ni Sàláúdéènì wí nínú ìwo. "Wọn ó sọ ọ́ kalẹ̀ láìpẹ́."

Irọ́ kékeré ni. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ níbẹ̀, n kò ní máa sọ ìtàn yìí.

Àlàó gba ilé kan lọ. Ó ti fẹ́yàwó! Àwọn èrò hó yèè, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń bẹ̀ ẹ́ kí ó fẹ́yàwó. Ṣùgbọ́n ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó mú un wọ yàrá, ọmọ kékeré kan sì dùbúlẹ̀ níbẹ̀, òógùn bò ó, ó ń mí gúlegúle. Obìnrin náà di ọkọ rẹ̀ lápá mú, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì imú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ó ní kí ó má lọ. Àlàó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó dé fìlà, ó jáde. Ó di ilé ọtí.

Sàláúdéènì sọ ìwo kalẹ̀ lẹ́nu. Gbogbo sinimá kún fún ariwo dùùrù òyìnbó nìkan.

"Ògbufọ̀, sọ̀rọ̀!" ni àwọn èrò ń wí. "Ibo ló ń lọ?"

Mo rí Àṣàkẹ́. Ó ti gbé ìborùn kúrò lórí, ó ń wo ọkọ rẹ̀, kò wo àwòrán. Bí mo bá lè fò láti ojú ihò yẹn, ǹ bá fò. Mo fi ọwọ́ gbá ògiri, mo kígbe pé, "Sàlá, sọ ọ́ bó ṣe rí!" Ẹ̀rọ ń pariwo, kò sí ẹni tó gbọ́ mi.

Sàláúdéènì gbé ìwo sẹ́nu. "Àlàó ń wá dókítà lọ."

"Ilé dókítà rèé?" ni ẹnìkan bi í, nítorí pé gbogbo wa ń rí ìgò tó tò lọ bẹẹrẹ nídìí ògiri, a ń rí àwọn ọkùnrin tó ń ta káàdì.

"Ilé dókítà ni. Ìgò oògùn nìyẹn."

Àlàó bu ọtí, ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn.

"Ó ń tọ́ oògùn wò," ni Sàláúdéènì wí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, "kó tó gbé e fún ọmọ."

Ẹ̀rín ta. Àwọn kan dìde dúró kí wọ́n lè rín in dáadáa. Obìnrin kan tí àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ wá jókòó lé Àlàó lẹ́sẹ̀, Sàláúdéènì ní nọ́ọ̀sì ni, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ ọkùnrin yìí láti kékeré. Kì í ṣe pé ó ń dá àpárá. Ó ń ṣe bí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ méjèèjì dí ihò ìkòkò tó ń jò, bí ó ti ń dí tìhín ni tọ̀hún ń là. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, Bàbá Onígàárì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti kúrò lórí wíwo aṣọ funfun, Sàláúdéènì ni wọ́n tẹjú mọ́.

Nígbà náà ni fíìmù yẹn padà sí yàrá ọmọ. Ìyá rẹ̀ ti fi aṣọ funfun bò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ojú lé ẹsẹ̀ ọmọ náà, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ìyá arúgbó ń sọ pé "Ìnnà lìllàhì" lábẹ́nú. Gbogbo sinimá dúró de ògbufọ̀.

Sàláúdéènì gbé ìwo onípáànù sókè, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó ti mọ bí a ṣe ń mú ohùn dúró. Ó fi ohùn tó rọ̀ jù lọ sọ ọ́, ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ obìnrin.

"Ara ọmọ ti yá," ni ó wí. "Ó ń sùn."

Ẹnìkan tó wà lẹ́yìn ni ó kọ́kọ́ ju èèpo ọsàn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ju èèpo, wọ́n ju bàtà, wọ́n ń bú Àlàó, wọ́n ń bú ògbufọ̀. Fíìmù náà kò tilẹ̀ ṣe ẹ̀tọ́ kan fún wa ní òpin, ìbọn kan kò dún, ẹṣin kan kò yọjú. Àlàó tún wọ ọkọ̀ ojú irin, ó tún bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì nígbà tí mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ tí mo sáré jáde gba ẹ̀yìn.

Mo bá wọn níta géètì. Bàbá Onígàárì dúró, wọ́n fi ọwọ́ lé èjìká Àṣàkẹ́, Sàláúdéènì sì wà níwájú wọn, èèpo ọsàn ṣì wà lára fìlà rẹ̀.

Bàbá bi í pé, "Kí ni ọkùnrin yẹn ń mu?"

"Ọtí ni, Bàbá."

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó kú, Bàbá."

"O mọ̀ pé ó kú."

"Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ kó dùn yín ni. Mi ò fẹ́ kí Àṣàkẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ẹ dákun. Ẹnu mi kọ̀ ọ́."

"Ẹnu rẹ ò kọ nǹkan kan," ni Bàbá Onígàárì wí. Wọn kò bínú. Ì bá dára kí wọ́n bínú. "Sàláúdéènì, ẹni tó tó mi lọ́jọ́ orí kì í sá jáde nílé nítorí àwòrán ẹṣin. Ẹnu rẹ ni mo wá wò. Mo ní lọ́kàn mi pé tó o bá rí ohun tí ò dáa, tó o sọ ọ́ bó ṣe rí, màá gbà pé ohun tó ò ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí, òótọ́ ni. Ojú mi rí ọmọ tó kú. O ní ó ń sùn, ohùn rẹ ò yẹ̀. Ohùn yẹn náà ló o fi ń sọ fún mi pé wọn ò jíṣẹ́ Sẹ̀gilọlá fún ọ."

Sàláúdéènì wó lulẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀, ó wó ni, àyà rẹ̀ gba eruku. "Bàbá, wọn ò jíṣẹ́ fún mi! Mo fi Àlùkùránì—"

"Má búra. Má fa Ọlọ́run wọ̀ ọ́." Bàbá yí ojú sí ọ̀dọ̀ Mápó níbi tí oòrùn ti ń wọ̀. "Màǹgàríbà ti fẹ́ tó."

Sàláúdéènì wá wo ìyàwó rẹ̀ láti ilẹ̀ níbẹ̀. "Àṣàkẹ́, ìwọ mọ̀ mí. Bá mi sọ̀rọ̀."

Omijé ti ṣàn dé àgbọ̀n Àṣàkẹ́, kò nù ún. "Ẹrù mi wà ní dídì nílé," ni ó wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti dì í. Mo ti sọ fún Bàbá pé èsì yòówù kí wọ́n fún yín, mò ń bá yín lọ sílé lónìí, torí mo ti gbà yín gbọ́." Lẹ́yìn náà ni ó pe orúkọ rẹ̀, orúkọ tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. "Sàláúdéènì. Ọmọ tó kú ni o ní ó ń sùn."

Ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n gba ọ̀nà Bẹyẹrúnkà lọ. Ọ̀rẹ́ mi kò dìde. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí pariwo tẹ̀ lé wọn: pé òótọ́ ni, wọn kò sọ fún un, Ezekiel ni, èmi mọ̀, mo fi orí mi dúró. Bàbá Onígàárì kò bojú wẹ̀yìn. Àṣàkẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó tiẹ̀ dúró, ó fi ọwọ́ sí etí bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n èrò ti ń tú jáde ní géètì, gbogbo wọn ń kígbe lẹ́ẹ̀kan náà pé kí a dá owó àwọn padà, ohùn mi kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.